Orúkọ Tí Òpó Ń Pè

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2094, òpó omi Òkè-Àgọ́ pe orúkọ Ìwàlọlá fún ìgbà àkọ́kọ́.

Fadérera wà lórí ìlà nígbà náà. Ó ku ẹni méjì kó kàn án, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó wà níwájú pátápátá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara òpó, iná àwọ̀ ewé tàn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, òpó sì sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

"Omi dé o. Ìwàlọlá ọmọ Adégòkè, Àbẹ̀kẹ́, ló tún ètò yìí ṣe. Ẹ kí i."

Ìlà sì kí i. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹni tí òpó bá pe orúkọ rẹ̀, gbogbo èèyàn á kí i, ì báà wà níbẹ̀, ì báà má sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ń wí pé, "Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun," àwọn tí oorun kò tíì kúrò lójú wọn náà ń wí i. Fadérera la ẹnu pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ohùn jáde.

Kì í ṣe pé òpó pe orúkọ ẹlòmíràn ló dùn ún. Ó ti gbọ́ orúkọ oríṣiríṣi lẹ́nu òpó yìí. Ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ ló dùn ún. Láti ìgbà tí wọ́n ti ri àwọn òpó mọ́lẹ̀ ní Ìlú Méje, wọn kì í dá àtẹ́lẹwọ́ tó ti yi mọ̀. Ẹni tó bá ń roko, ẹni tó bá ń bó ẹ̀gẹ́, ẹni tó bá ń nu awo sólà, iná pupa ni òpó máa ń tàn fún un. Á wá máa bẹ ẹlòmíràn kó bá òun gbé ọwọ́ lé e. Awo sólà ni Fadérera ń nù ní ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́. Ó mọ ìtìjú iná pupa yẹn. Gbogbo ìgbà òjò ló fi kọ àtúnṣe tó máa jẹ́ kí òpó dá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ìdúró ló ń kọ ọ́, lórí fóònù tí igun rẹ̀ ti là, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹun ọ̀sán. Ó ku díẹ̀ kó parí rẹ̀ ni Ìwàlọlá gbé tirẹ̀ wá. Ó kúrú ju ti Fadérera lọ. Ó tún dára jù ú. Nígbà tí Fadérera wá parí tirẹ̀, tó fi ránṣẹ́, àwọn Olùtọ́jú Ètò kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé kò wúlò mọ́, àtúnṣe mìíràn ti bò ó.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìwàlọlá. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ tuntun.

Lámídì, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kó ẹ̀gẹ́, yíjú padà láti iwájú.

"Fadé," ló wí, "ṣebí yunifásítì kan náà lẹ jọ ń lọ. Tìrẹ dà?"

"Ó ń bọ̀."

Lámídì ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ti pá. "Irun wà níbí nígbà tí o kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ìlà rẹ́rìn-ín. Fadérera náà rẹ́rìn-ín, kó má baà hàn pé ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára. Nígbà tó kàn án, ó gbé ọwọ́ lé òpó. Ọwọ́ yìí kan náà ni òpó ti kọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Iná àwọ̀ ewé tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró wo iná yẹn títí kẹ́ẹ̀gì fi kún, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá.

Ẹ̀ka ìrọ̀lẹ́ ni Fadérera wà ní yunifásítì. Ìwàlọlá wà ní ẹ̀ka ọ̀sán, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ tiwọn. Ní ẹ̀ka ìrọ̀lẹ́, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, wọ́n ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n sì máa ń tò síbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. Fadérera kì í gbàgbé nǹkan. Ó rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá: òjò pa á dé ibẹ̀, olùṣọ́ ní kó dúró síta títí bàtà rẹ̀ á fi gbẹ, bàtà náà kò sì gbẹ títí kíláàsì fi parí. Ó rántí ọkùnrin tó yọ fóònù rẹ̀ kúrò lára iná kí tirẹ̀ lè ráyè, ó sì rántí àwọ̀ ẹ̀wù tí ọkùnrin náà wọ̀. Ó rántí gbogbo àtúnṣe rẹ̀ tí wọ́n ti dá padà, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òpó pe Ìwàlọlá, Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù tó ń kọ́ wọn dúró níwájú kíláàsì, ó ní ọyẹ́ kò jìnnà mọ́. Bí eruku àkọ́kọ́ bá ti bọ́, wọ́n á ti ètò omi pa títí òjò yóò fi dé. Wọ́n lè yọ nǹkan nínú rẹ̀, wọn kò ní í fi nǹkan kún un. Ẹni tó bá wà ní ọdún àṣekágbá, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì wọ inú òpó kan ṣoṣo, yóò fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò wo ojú Fadérera. Kò sí ẹlòmíràn ní kíláàsì náà tó wà ní ọdún àṣekágbá.

Fadérera ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dá iṣẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà, pẹ̀lú ìbínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ti kéré, àwọn òpó ìsàlẹ̀ ló máa ń gba gbogbo rẹ̀, kí ó tó gun òkè, kò ní í ku nǹkan kan. Nínú àtúnṣe Fadérera, àwọn òpó á máa gba omi ní títẹ̀lé ara wọn. Ètò á bi òpó kọ̀ọ̀kan bóyá àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì ń fẹ́ omi. Èyí tó bá ti yó á kúrò lórí ìlà, kò sì ní í padà síbẹ̀ títí òjò, kí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò má baà gbà tán kí wọ́n tún wá gbà. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí apá tó kẹ́yìn yẹn. Bó bá dá wà lórí òrùlé ilé iṣẹ́, ó máa ń fi ohùn òpó sọ ọ́ fún ara rẹ̀: Fadérera ọmọ Akíntáyọ̀, Àyọ̀ká, ló tún ètò yìí ṣe.

Ó ku ojú kejì. Kò sí iṣẹ́ tó ń wọ inú òpó láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti kà á, tó sì kọ ohun tó rí sórí Pátákó, níbi tí gbogbo Ìlú Méje ti lè kà á. Pátákó fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni náà. Fadérera fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lójú Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù, àwọn méjèèjì sì ń wo fóònù tó ti là yẹn títí orúkọ fi jáde. Ìwàlọlá ọmọ Adégòkè.

"O ríire," ni Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù wí. "Ojú ọmọ yẹn mú."

Fadérera bi í bóyá wọ́n lè yan ẹlòmíràn. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé? Fadérera ní kò sí nǹkan. Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù rán an létí òfin, bó ṣe máa ń rán gbogbo wọn létí: bí ojú kejì bá rí àṣìṣe tó lè mú òpó gbẹ, wọn á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ náà á wọlé, ẹni tó kọ ọ́ á gba máàkì rẹ̀ pé pérépéré. Orúkọ ẹni tó rí àṣìṣe náà ni òpó á kàn kọ́kọ́ pè.

"Kò sí èyí tó burú níbẹ̀," ló wí.

Fadérera ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìwàlọlá wá sílé wọn ní Òkè-Àgọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìyá Fadérera ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó sì bi í pé ta ni. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀ kó tó dáhùn, orúnkún méjèèjì, lórí sìmẹ́ńtì tí kò dán.

"Ìwàlọlá ni, mà. Ẹ̀gbọ́n ni mo wá kí."

"Ìwàlọlá wo? Àbẹ̀kẹ́ òpó?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀.

Ìyá Fadérera di orí rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó kéré tó báyìí. Ó wá na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i, àtẹ́lẹwọ́ tó ti fi bó ẹ̀gẹ́ láti ìgbà ọmọge. "Wo ọwọ́ yìí dáadáa. Ẹlòmíràn ló máa ń bá mi gba omi. Bí aládùúgbò bá ń bínú sí mi lọ́jọ́ kan, mi ò ní í wẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, èmi fúnra mi ni mò ń gba omi mi. Ìwọ lo ṣe é."

Fadérera dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń gbọ́. Nítorí ọwọ́ yìí gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ rí. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé òpó ló máa sọ ọ́.

"Wá wò ó, Fadé," ni ìyá rẹ̀ wí, "ó tún mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀."

Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé. Ìwàlọlá kò fara ti ògiri. Ó ní òun ti ka iṣẹ́ náà, ó dára gan-an ni, òun kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò sí ẹni tó tíì ronú nípa àwọn tó wà lókè bẹ́ẹ̀ rí. Fadérera dúpẹ́, ó sì ń retí ohun tó kù, nítorí pé kò sí ẹni tó máa gun òkè yìí ní ọ̀sán gangan láti wá yin èèyàn.

"Ibì kan ló wà tí kò yé mi, ẹ̀gbọ́n," ni Ìwàlọlá wí. "Mo ní kí n wá bi yín nílé, kó má di pé mò ń kọ ọ́ sí Pátákó lábẹ́ orúkọ yín, tí gbogbo ayé á máa kà á."

"Bi mí."

"Òpó tí ètò bá bi, tí kò dáhùn. Ẹ kà á sí pé ó ti yó."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni níbẹ̀ tó ń fẹ́ omi."

"Bó bá jẹ́ pé kò lè dáhùn ńkọ́?"

Fadérera ti mọ̀ kí ọmọ náà tó pa ẹnu dé. Ìgbà òjò ló dán iṣẹ́ náà wò, nígbà tí gbogbo awo sólà mọ́ tónítóní, tí òpó tó bá dákẹ́ jẹ́ òpó tí kò sẹ́ni lórí ìlà rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo awo tó wà lórí òpó, òpó á sì dákẹ́ nítorí pé kò lágbára láti sọ̀rọ̀. Ètò á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti yó. Òkè-Àgọ́ ni eruku máa ń kọ́kọ́ bò. Òun tó ń nu awo ní gbogbo ọyẹ́, tí eruku yẹn ti wọ inú àyà rẹ̀ débi pé ó ń wúkọ́ títí di oṣù Ẹrẹ̀nà, òun ni kò ronú nípa rẹ̀. Ọmọ tí kò fi aṣọ kan awo sólà rí ló ronú nípa rẹ̀.

Kò sí ohun tó le nínú ohun tó yẹ kó sọ. Kọ ọ́ sí Pátákó, àbúrò. Iṣẹ́ á wọlé, àga rẹ̀ á dúró, omi á gun òkè. Àmọ́ ó ń gbọ́ bí òpó á ṣe sọ ọ́, ní Òkè-Àgọ́ yìí, ní àràárọ̀: Ìwàlọlá ọmọ Adégòkè, Àbẹ̀kẹ́, àti Fadérera. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láàárín àwọn tó ń kí i, tó ń kí Àbẹ̀kẹ́ kó tó kí ọmọ tirẹ̀.

"Mo ti rí ìyẹn," ló wí. "Mo ti tọ́jú rẹ̀ sí apá tó ń ka agbára awo."

"Apá wo ni, ẹ̀gbọ́n? Mi ò rí i."

"Ṣé kí n máa tọ́ka sí i fún ọ níkọ̀ọ̀kan ni? Mo ti ń nu awo sólà kí o tó mọ ìwé kà."

Ìwàlọlá bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Mi ò bínú."

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni ọmọ náà wà tó fi yọ fóònù jáde. Fadérera rí i bó ṣe dá ọwọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tún béèrè. Kò béèrè. Ó kọ ọ́ sí Pátákó pé ojú kejì ti kà á, ó dára, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Fadérera di ẹ̀pà sísun fún un, ó sì sìn ín dé ìdajì ọ̀nà. Nígbà tó padà dé, ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wu èèyàn kó bí.

Iṣẹ́ náà wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Fadérera ti tò síwájú òpó kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. "Omi dé o," ni òpó wí. "Fadérera ọmọ Akíntáyọ̀, Àyọ̀ká, ló tún ètò yìí ṣe. Ẹ kí i." Lámídì ṣí fìlà rẹ̀, ó sì tẹrí ba. Ó ní òun ń lọ sílé lọ wo dígí, bóyá irun ti ń hù padà. Ìyá rẹ̀ sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú. Fadérera gba omi rẹ̀, ó gbé e sílé, ó sì tún padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà bí ẹni tó ń retí ẹnì kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òpó tún ṣí, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Odò láti gbọ́ ọ níbẹ̀ náà. Ó dúró sẹ́yìn àwọn obìnrin méjì kan. Òpó pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n kí i. Ọ̀kan wá bi èkejì pé, "Fadérera wo nìyẹn?"

"Èyí tí Àbẹ̀kẹ́ bá ka iṣẹ́ rẹ̀ ni."

"Áà, bó bá jẹ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ló kà á, á dára."

Fadérera kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó gun òkè padà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, gbólóhùn yẹn sì ń tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì ti ètò pa. Kò pẹ́ tí òpó Òkè-Àgọ́ fi dákẹ́. Àwọn èèyàn gbé ọwọ́ lé e, kò sí iná àwọ̀ ewé, kò sí iná pupa. Fadérera mú aṣọ tó fi ń nu awo wá láti ibi iṣẹ́, ó gun òpó náà lójú gbogbo ìlà, ó nu awo rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Iná òpó tàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n òpó kò ṣí, kò sì ní í ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé èyí tó bá ti yó kì í padà sórí ìlà títí òjò.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ gba omi ní Ìsàlẹ̀-Odò. Àwọn tó wà níbẹ̀ a máa jẹ́ kí àwọn ará òkè gbà kẹ́yìn. Lámídì kó kẹ́ẹ̀gì àwọn àgbà sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan ṣe àwàdà ní gbogbo ọ̀nà.

Àwọn Olùtọ́jú Ètò ka iṣẹ́ náà, wọ́n rí àṣìṣe rẹ̀, wọ́n sì wo ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Fadérera nìkan kọ́ ni wọ́n bá wí. Wọ́n ní ẹni tó kọ nǹkan lè má rí àléébù rẹ̀. Nígbà òjò kó wá tún un ṣe; bí wọ́n bá yọ ọ́ nísinsìnyí, àwọn òpó ìsàlẹ̀ á tún máa gba gbogbo omi. Ẹni tí wọ́n ní kó wò ó ni kò gbọdọ̀ má rí i. Bí kò bá sí ohunkóhun lórí Pátákó tó fi hàn pé Ìwàlọlá rí i, wọ́n á pa ojú rẹ̀ dé títí ayé: kò ní í ka iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kò ní í mú àtúnṣe wá mọ́, wọ́n á sì yọ gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe kúrò nínú òpó títí ẹlòmíràn á fi tún wọn kọ. Wọ́n dá ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kó kọ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù pe Fadérera sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi í bóyá ọmọ náà sọ nǹkan kan fún un.

"Kò kọ nǹkan kan," ni Fadérera wí.

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó kọ ọ́."

Fadérera ní òun kò gbọdọ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdájọ́, Ìwàlọlá tún gun òkè wá. Eruku ti bo irun rẹ̀. Ó bá Fadérera lẹ́yìn ilé, ó sì kúnlẹ̀ bíi ti àtijọ́. Fadérera wo ìkúnlẹ̀ náà, bó ṣe rọrùn fún un tó, ó sì bínú sí i nítorí ìyẹn náà.

"Apá tó ń ka agbára awo, ẹ̀gbọ́n," ni Ìwàlọlá wí. "Mo tún padà lọ wá a. Mi ò rí i."

"Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò sí níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

Fadérera rò pé ọmọ náà á pariwo. Ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ó tiẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìwàlọlá kàn dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọn orúnkún rẹ̀.

"Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á ní mò ń purọ́ mọ́ àgbà láti gba ara mi là. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè gbà gbọ́. Ṣé ẹ máa kọ ọ́?"

"Màá kọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, mà."

Ó dúpẹ́ lóòótọ́. Ìyẹn ni Fadérera kò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó wà ní Ìsàlẹ̀-Odò lórí ìlà àwọn ará òkè, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, Pátákó ní ṣíṣí lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: Ìwàlọlá rí àṣìṣe náà, ó sọ fún mi. Ó kà á. Bí èyí bá wọlé, òfin ṣì wà níbẹ̀: ẹni tó rí i ni òpó á kọ́kọ́ pè. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé òfin náà ti kú nítorí pé òpó kan ti gbẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ní gbogbo Ìlú Méje, orúkọ ọmọ náà á máa ṣáájú tirẹ̀.

Ó pa gbólóhùn náà rẹ́. Ó tún un kọ kó lè fi orúkọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Èmi Fadérera ni Ìwàlọlá sọ fún. Kò dára bẹ́ẹ̀ náà. Ó tún un pa rẹ́. Òpó ṣí níwájú, ó ní, "Omi dé o. Fadérera ọmọ Akíntáyọ̀, Àyọ̀ká," Fadérera sì gbé ojú sókè láti gbọ́ ọ títí dé òpin. Àwọn tó kí i kò pọ̀. Ó gbọ́ gbogbo wọn. Ó padà sórí fóònù, ó ń wá ọ̀nà tí á gbà sọ òtítọ́ náà tí orúkọ ọmọ yẹn kò fi ní í ṣíwájú, ó ń kọ ọ́, ó ń pa á rẹ́, títí Pátákó fi dúdú mọ́ ọn lọ́wọ́. Oòrùn ti wọ̀. Kò sí ohun tó kù lójú ìwé náà ju "Èmi" lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ gba omi. Òpó pe Fadérera, orúkọ kan ṣoṣo. Nígbà tó kàn wọ́n, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e, iná pupa sì tàn. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó tún gbé e lé e.

"Fadé, kí ló ṣe é?"

Fadérera gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Iná pupa.

Ìwàlọlá fi yunifásítì sílẹ̀ kí òjò tó dé. Kò sí ẹni tó tún ètò àtẹ́lẹwọ́ kọ.